Ẹ̀yìn Tó Ń Ro Yín: Ta Lẹ Fẹ́ Fà Á Lé Lọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán, ẹ sì kà á sétí àwọn àgbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́.

Ẹni tó bá mọ Alaba Rago mọ bí iṣẹ́ ṣe le tó níbẹ̀. Èdè Hausa ni orúkọ ọjà náà ti wá: àgbò ni wọ́n ń pè ní rago. Àwọn alábàárù ń ru àpò ìrẹsì àti àpò ẹ̀wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyá tó ń tajà ti jókòó sórí àpótí kékeré láti òwúrọ̀ kùtù. Bí alẹ́ bá lẹ́, ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Ìyá kan á ní kí ọmọ gun òun lẹ́yìn, òmíràn á fi róòbù pa á, òmíràn á wá ẹni tó ń to eegun, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní maɗori.

Ní ayé òde òní, fídíò tún ti dé. Ẹ ti rí i lórí fóònù: òyìnbó kan á di orí ènìyàn mú, á yí ọrùn rẹ̀, ẹ ó gbọ́ "kọ́!" Káíròpírátíìkì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn. Àwọn ọmọ wa kan tilẹ̀ ti ń sọ pé àwọn fẹ́ lọ gba oyè nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìṣègùn alájọṣe, ìyẹn èyí tí dókítà, físíò, onímọ̀ oúnjẹ àti oníṣègùn mìíràn ti ń jọ tọ́jú aláìsàn kan ṣoṣo. Ṣé iṣẹ́ gidi ni? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn rẹ̀ ná.

Ọdún 1895 ló bẹ̀rẹ̀, ní ìlú Davenport, ìpínlẹ̀ Iowa, Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Daniel David Palmer ń fi ọwọ́ wo ènìyàn sàn níbẹ̀. Kò ka ìwé dókítà. Ó rí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Harvey Lillard, tó ń tún ilé tí Palmer ti ń ṣiṣẹ́ ṣe, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa. Palmer tẹ eegun kan ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì sọ pé etí náà là. Láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti fa orúkọ iṣẹ́ náà yọ: ohun tí a fi ọwọ́ ṣe. Ní 1897, Palmer dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Palmer ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àìsàn ọmọ ènìyàn ló ti ọ̀pá ẹ̀yìn wá. Àwọn dókítà ní irọ́ ni, wọ́n ní iṣan tí a fi ń gbọ́ràn kò tilẹ̀ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní 1906, wọ́n ti Palmer mọ́lé nítorí pé ó ń ṣe ìṣègùn láìní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ̀yìn wọn ń ro kò yéé wá, nítorí pé ara ń tu ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ní 1913, ìpínlẹ̀ Kansas kọ́kọ́ ṣe òfin fún iṣẹ́ náà. Louisiana ló ṣe tirẹ̀ kẹ́yìn nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1974. Ẹ ṣírò rẹ̀: 61 ọdún gbáko. Ní 1976, àwọn oníṣẹ́ káíròpírátíìkì kan pe ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ pé wọ́n ń gbìmọ̀ láti pa iṣẹ́ àwọn run. Ní 1987, adájọ́ Susan Getzendanner dá àwọn oníṣẹ́ náà láre. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ yẹn kò sọ pé gbogbo ohun tí Palmer wí ni òótọ́. Ohun tó sọ iṣẹ́ náà di iṣẹ́ ni pé àwọn tó ń ṣe é gbà láti lọ sí ilé ìwé, kí wọ́n yege ìdánwò, kí ìjọba sì lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá ṣìṣe.

Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ náà ti gùn tó. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde ní 2005: ọdún mẹ́rin gbáko, ó kéré tán wákàtí 4,200, kí 1,000 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìtọ́jú aláìsàn lójú olùkọ́. Wọ́n á kọ́ nípa eegun, iṣan, ẹ̀jẹ̀, bí a ṣe ń ka X-ray, àti ohun tó ṣe pàtàkì jù: bí a ṣe ń mọ aláìsàn tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, tó jẹ́ pé dókítà ló yẹ ká darí rẹ̀ sí. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n ń kọ́ ọ ní yunifásítì ní Durban àti ní Johannesburg, ní South Africa.

Àwa náà ní ìtàn tiwa. Igbobi níbí ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ físíò ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1945. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní físíò títí dé ipò oyè. Ní 1988, ìjọba ṣe òfin tó dá àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀.

Ìṣègùn alájọṣe náà kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro. Ó fi àwọn tí orí wọn dàrú sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, mọ̀lẹ́bí wọn wà pẹ̀lú wọn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé gbọ́. Ó di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ WHO. Ní Ifẹ̀ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora gbé orin àta, igi tí a fi ń rin ẹnu, lọ sí yàrá ìwádìí láti wo ohun tó lè ṣe fún ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn foníkú-fọládìde. Ní 1971, òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé láti yẹ̀ wò.

Ṣé ẹ rí i? Ìṣègùn alájọṣe kì í ṣe pé kí á mu àgbo láàárọ̀, ká lo oògùn lọ́sàn-án, ká tún fa ọrùn lálẹ́, kí ẹnikẹ́ni má mọ ohun tí ẹnì kejì ṣe. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa máa ń sọ pé, "Èyí kọjá agbára mi, ẹ lọ bá lágbájá."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ẹni tó dì eegun tó ṣẹ́ le jù, tí ẹ̀jẹ̀ kò rìn mọ́, apá tàbí ẹsẹ̀ yẹn lè kú, kí wọ́n sì gé e. Àwọn dókítà eegun ilẹ̀ wa ti kígbe èyí títí. Bí a bá sì fi ipá yí ọrùn, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ lè ya, kí ó di rọpárọsẹ̀. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ẹ̀yìn tàbí fa ọrùn yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ, bí:

1. Ibà tàbí rírù bá tẹ̀ lé ẹ̀yìn ríro. Ikọ́ ife máa ń jẹ eegun ẹ̀yìn.
2. Ẹ bá ti ní jẹjẹrẹ rí, ti ọyàn tàbí òmíràn.
3. Ẹsẹ̀ bá ń kú, tàbí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò ṣeé dá dúró mọ́. Ìyẹn kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì.
4. Ẹ ṣubú, tàbí ọ̀kadà gbá yín.
5. Ìyá àgbà ni yín, tí eegun ti fúyẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní fífa ẹ̀yìn ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìrọ́mọbí, ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yìn àti ọrùn tó ń ro ni iṣẹ́ náà mọ̀. Ẹ béèrè ibi tó ti kàwé, iye ọdún tó lò, àti ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìbéèrè kì í ṣe àrífín. Ẹni tó kàwé lóòótọ́ kò ní bínú.

Ní ti ọmọ tó fẹ́ kọ́ ọ, ẹ má dá a lẹ́kun. Kó kọ́kọ́ gba oyè físíò nílé, kó tó ronú South Africa tàbí òkè òkun. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á sọ ọ́ di dókítà eegun láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ di owó yín mú. Ọdún mẹ́rin ni, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá kan tí ẹ̀yìn ń ro lónìí. Ọlọ́run á fún wa ní àlàáfíà o.