Ẹ̀kọ́ Tí Diouana Fi Kọ́ Wa

Ọdún 1960 ni Nàìjíríà gba òmìnira, ọdún yẹn náà ni Sẹ̀nẹ̀gàl gba tirẹ̀. Ṣé òmìnira náà dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀? Ìbéèrè tí Ousmane Sembène, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, gbé síwájú wa nìyẹn nínú fíìmù rẹ̀, La Noire de..., tó jáde ní 1966.

Obìnrin òyìnbó kan gba Diouana síṣẹ́ ní Dakar pé kó máa tọ́jú ọmọ. Nígbà tó dé Antibes, ní ilẹ̀ Faransé, iṣẹ́ yí padà: ó ń dáná, ó ń fọṣọ, ó ń nulẹ̀, kò sì mọ ìgboro. Wọ́n fẹ́ bá a kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ láìbéèrè ohun tó fẹ́ sọ. Diouana kọ̀. Ó gba ère ìbòjú tó fi ta wọ́n lọ́rẹ padà, ó kọ owó wọn. Níkẹyìn, ó pa ara rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá gbé owó náà dé Dakar, ìyá rẹ̀ náà kọ̀ ọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìforítì ni kéèyàn máa rọ́jú. Mi ò gbà. Ikú Diouana kì í ṣe àwòkọ́ṣe fún ẹnikẹ́ni. Kíkọ̀ tó kọ ìyà ni ìforítì.

Ní Ìperu wa, ọ̀rọ̀ yìí kò nílò òyìnbó. Ẹni tó ṣèlérí ilé ìwé fún ọmọ abúlé, tó wá gbé ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́, ohun kan náà ló ṣe. Bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ.