Bí Ìdámọ̀ràn Ṣe Di Ẹ̀kọ́ ní Buffalo

Kò sí olùkọ́ tí kò mọ ìdákẹ́jẹ́ tí ó máa ń bo kíláàsì nígbà tí ó bá béèrè pé, “Kí ni ẹ rò sí i?” Àìlọ́gbọ́n kọ́ ni ó ń fà á nígbà gbogbo, ẹ̀rù pé ẹlẹgbẹ́ ẹni yóò fi ni rẹ́rìn-ín ni ó sábà ń pa akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu mọ́.

Láàárín àwọn apolówó-ọjà ni Alex Osborn (1888–1966), ará Amẹ́ríkà, ti bá irú ìṣòro yìí pàdé. Ní 1939 ó bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ láti máa dámọ̀ràn. Nínú ìwé rẹ̀, Applied Imagination, tí ó jáde ní 1953, ó là òfin mẹ́rin kalẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu ẹnu àtẹ́ lu èrò ẹnìkejì kí àkókò ìdájọ́ tó tó, kí a gba èrò tí ó jọ ti wèrè pàápàá láyè, kí èrò pọ̀ yanturu, kí a sì máa fi ti ẹnìkan tún ti ẹlòmíràn ṣe. Ti ìṣáájú yìí ni ẹ̀mí gbogbo wọn.

Ní 1955 ni àpéjọ ìkọ́ni àkọ́kọ́ wáyé ní Yunifásítì Buffalo. Sidney Parnes gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tí ó wà ní ìlú náà ní 1967, níbi tí òun àti Ruth Noller, onímọ̀ ìṣirò, ti jọ kọ́ni. Ìpele márùn-ún ni wọ́n ń tọ̀: wíwá òkodoro ọ̀ràn, wíwá ìṣòro gan-an, wíwá èrò, wíwá ojútùú, àti wíwá ọ̀nà tí àwọn ènìyàn yóò fi tẹ́wọ́ gbà á. Ní tèmi, ìpele kejì ni ó ṣòro jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ráhùn pé, “A kò ní ìwé,” kò tíì sọ ìṣòro kan, ìgbà tí ó bá yí i padà sí, “Ọ̀nà wo ni a lè gbà kí ìwé kan lè tó ogún ènìyàn kà?” ni ìrònú tó bẹ̀rẹ̀.

Àwa Yorùbá a máa wí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Yale, Taylor, Berry àti Block, sì tako Osborn ní 1958. Wọ́n fi àwùjọ 12, ẹni mẹ́rin-mẹ́rin, wé ènìyàn 48 tí wọ́n dá ronú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí a wá fi orúkọ wọn kó jọ ní mẹ́rin-mẹ́rin lórí ìwé lásán. Èrò àwọn àdáronú pọ̀ jù lọ́pọ̀lọpọ̀! Ní 1987, Diehl àti Stroebe ní Jámánì fi olórí ìdí rẹ̀ hàn: bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ní láti dúró, ibi tí wọ́n sì ti ń dúró ni èrò wọn ti ń bọ́.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ olùdarí àpérò ti wọlé. Ìwádìí kan ní 1996 rí i pé àwùjọ tí ó ní olùdarí tí a kọ́ níṣẹ́ lè bá àwọn àdáronú dọ́gba. Irú olùdarí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe alága, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe adájọ́; òun ni ó ń ṣọ́ òfin, tí ó ń pe ẹni tí ó dákẹ́, tí ó sì ń jẹ́ kí olúkúlùkù kọ́kọ́ kọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.