Orúkọ Tó Ṣáájú Ìmọ̀: Ìtàn Nẹ́búlà Pílánẹ́ẹ̀tì àti Àwọn Òrùka Ẹ̀yìn Rẹ̀

Àròkọ yìí yẹ ìtàn orúkọ kan wò nínú ìmọ̀ ìràwọ̀, kí a lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí a gbé e wọ èdè Yorùbá bí ó ti wà.

Lọ́dún 1779, Antoine Darquier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí ohun róbótó kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe bàìbàì láàárín àwọn ìràwọ̀ Lyra. Ó fi í wé pílánẹ́ẹ̀tì tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń kú lọ. Láàárín àwọn ọdún 1780, William Herschel ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ irú ohun bẹ́ẹ̀ ní nẹ́búlà pílánẹ́ẹ̀tì. Ìrísí nìkan ni ó fi ṣe ẹ̀rí. Lọ́dún 1864, William Huggins tú ìmọ́lẹ̀ NGC 6543 palẹ̀, ó sì rí i pé gáàsì ni. Lónìí, a mọ̀ pé ìràwọ̀ bí oòrùn tí ọjọ́ ogbó dé bá ni ó ń bọ́ ẹ̀wù ìta rẹ̀ sílẹ̀.

Herschel yìí kan náà ni ó ṣí ọ̀nà àtúnṣe sílẹ̀. Lọ́dún 1800, ó fi dígí onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí oríṣiríṣi àwọ̀, ó gbé òṣùwọ̀n ìgbóná sí ẹ̀yìn àwọ̀ pupa, ó sì bá ìgbóná níbẹ̀. Ìtànṣán tí ojú kò rí yìí ni awò-awọ̀nàjíjìn Webb ń lò. Àwòrán ohun tí Darquier rí, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2023, fi ìlà bí òrùka tó tó mẹ́wàá hàn lẹ́yìn òrùka tó mọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé nǹkan bí ọdún 280 ló wà láàárín ìkan sí ìkejì. Nítorí pé ìràwọ̀ kan ṣoṣo kì í ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó ní ìràwọ̀ ẹnìkejì. Ìtàn tó ṣáájú ikú ìràwọ̀ náà wà ní etí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tín-ín-rín jù lọ.

Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ojú ni Herschel wò. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ti jogún orúkọ náà, kò sì rọrùn fún wọn láti pa á tì. Ọwọ́ tiwa ṣì ṣófo. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní ṣákálá, akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò máa wá pílánẹ́ẹ̀tì níbi tí kò sí. Ní èrò tiwa, “àbọ́sílẹ̀ ìràwọ̀” sún mọ́ òtítọ́ jù, nítorí ó gba òrùka àárín àti ti ẹ̀yìn mọ́ra.