Ẹran Aṣojú àti Tìmùtìmù Ọ̀pá-Ẹ̀yìn

Nígbà tí mo rí i nínú ìwé pẹlẹbẹ kan, èyí tí a kọ láti fi bí a ṣe ń wá oògùn ẹ̀yìn dídùn yé àwọn ènìyàn wa, pé a pe ehoro àti ajá tí a fi ń dán ìtọ́jú wò ní "ẹranko àwòkọ́ṣe", ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Ọmọ a máa fi baba rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe. Ta ni yóò wo ehoro kọ́ ìwà?

Àwọn ọ̀rọ̀ kan kò le láti túmọ̀. Ọ̀pá-ẹ̀yìn ti wà láti ayébáyé. Nǹkan 23 tí ó wà láàárín àwọn egungun rẹ̀, tí inú wọn rọ̀ tí ó sì kún fún omi, tí iṣan líle yí wọn ká, ni mo pè ní tìmùtìmù, nítorí iṣẹ́ tìmùtìmù ni wọ́n ń ṣe.

Ìjà dé nígbà tí tìmùtìmù bá ń bàjẹ́. Àwọn kan kọ "ìjẹrà", ṣùgbọ́n òkú ní í jẹrà, alààyè a máa gbó. Aṣọ ń gbó, àgbàdo ń gbó lóko, a sì ń súre fún ọmọ pé kí ó gbó, kí ó tọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni ó so ọjọ́ orí pọ̀ mọ́ ìlò, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì ń fa omi inú tìmùtìmù gbẹ títí yóò fi di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Aláwàdà yóò ní "gbígbó tìmùtìmù ajá" dà bí ẹni pé tìmùtìmù ń gbó mọ́ àlejò. Kí ó rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán, kí a máa bá iṣẹ́ lọ.

Ní ti ẹranko náà, "àpẹẹrẹ" fẹ̀ jù, "àdàmọ̀dì" sì jẹ́ èébú. Ẹran aṣojú ni mo yàn: a-ṣe-ojú, ẹni tí ó lọ síbi tí ẹni tí ó rán an kò lè lọ. Ehoro ni a ń fi abẹ́rẹ́ gún ní tìmùtìmù kí ó lè yára gbó, nítorí a kò jẹ́ gún ọmọ ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì mọ ààlà ara rẹ̀, nítorí bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ: sẹ́ẹ̀lì notokọ́ọ̀dù, tí ó máa ń pòórá nínú tìmùtìmù wa nígbà èwe, a máa pẹ́ nínú ti ehoro àti eku, nítorí náà oògùn tí ó wo ehoro sàn lè má ran baálé ilé lọ́wọ́. Ajá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú bíi dachshund súnmọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ; tìmùtìmù rẹ̀ ń gbó fúnra rẹ̀, Hansen ará Sweden sì ti kọ̀wé lórí gbígbó tìmùtìmù ajá ní 1952.

Notokọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí a yá a. Ṣùgbọ́n èmi kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni kọ "kaimopapéènì" fún mi, nígbà tí ó jẹ́ pé láti inú oje ìbẹ́pẹ ni ó ti wá. Ìbátan rẹ̀, tí òun náà ti inú oje yìí wá, ni Lewis Thomas fún ehoro ní Amẹ́ríkà, tí etí wọn fi rọ wọ̀ọ̀, ó sì ròyìn rẹ̀ ní 1956. Ní 1964 ni Lyman Smith ròyìn pé òun ti fi kaimopapéènì yìí sínú tìmùtìmù ọmọ ènìyàn láti wo ìrora sàn. Àwọn mìíràn sì ti gún un sí ti ẹran aṣojú kí ó lè gbó. Àgbo ìbẹ́pẹ ni kí a pè é. Obìnrin tí ó ti fi ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n rọ ẹran líle nínú ìkòkò yóò mọ iṣẹ́ rẹ̀ kí a tó ṣàlàyé.