Iná Àjọni ní Ìgbèríko

Iná àjọni ni iná mànàmáná tí àwọn ará abúlé tàbí ìletò kan jọ dá sílẹ̀, tí wọ́n jọ ni, tí wọ́n sì jọ ń ṣàkóso, tó jẹ́ pé oòrùn, omi, afẹ́fẹ́ tàbí pàǹtírí oko ni wọ́n fi ń pèsè rẹ̀ dípò epo dísù. Ó ní apá kejì tí a kì í sábà dárúkọ, ìyẹn àdínkù agbára tí ilé kọ̀ọ̀kan ń lò: gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀, òrùlé tí kì í gbé ooru wọlé, ààrò tí kì í fi igi ṣòfò. Apá méjèèjì kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ní ìlú ńlá, ẹni tó bá ń fi iná ṣòfò, owó ara rẹ̀ ló ń ná. Ní abúlé tí bátìrì kan ṣoṣo ń bọ́ gbogbo ilé, àpà ilé kan ni òkùnkùn ilé kejì. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò ni iná ìgbèríko kí á tó béèrè irú ẹ̀rọ tí a ó rà. Níbi tí àwọn tó ń lo iná bá ti ni ín, wọ́n máa ń ṣọ́ ọ lò, wọ́n sì máa ń tún un ṣe bó bá bàjẹ́.

Erékùṣù Eigg ní ìwọ̀ oòrùn Scotland ni ẹ̀rí tó yanjú jù lọ. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, onílẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń ni gbogbo ilẹ̀ erékùṣù náà, tí yóò sì tà á fún ẹlòmíràn nígbà tó bá wù ú, láìbi àwọn tó ń dáko níbẹ̀ léèrè. Ní 1997, àwọn ará ibẹ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn olóore káàkiri, wọ́n sì ra ilẹ̀ náà ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ pọ́n-ùn, lábẹ́ àjọ kan tí àwọn fúnra wọn jókòó sí. Wáyà iná orílẹ̀-èdè kò dé ọ̀dọ̀ wọn, owó tí wọn ì bá sì fi gbé e gba abẹ́ òkun kọjá agbára wọn. Jẹnẹrétọ̀ ni ilé kọ̀ọ̀kan ń tan, pẹ̀lú ariwo àti owó dísù tí kò tán lọ́rùn. Ní oṣù Kejì ọdún 2008, wọ́n tan iná tiwọn. Omi tó ń ṣàn láti orí òkè ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nípa ẹ̀rọ kan tó lè pèsè 100 kílówáàtì. Wọ́n fi ẹ̀rọ omi kéékèèké méjì, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mẹ́rin àti páńẹ́ẹ̀lì sólà kún un, bátìrì sì ń gba èyí tó bá ṣẹ́ kù. Jẹnẹrétọ̀ dísù méjì wà nílẹ̀ de ìgbà tí omi bá fà. Bíi 1,660,000 pọ́n-ùn ni gbogbo rẹ̀ ná wọn.

Ẹ̀rọ wọ̀nyí kò ṣàjèèjì; ohun tó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ ni òfin tí wọ́n fi ń lò wọ́n. Ilé kan kò gbọ́dọ̀ lo ju 5 kílówáàtì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé iṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 10. Ilé lè se omi tíì, kí ó sì máa fọ aṣọ nínú ẹ̀rọ lásìkò kan náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún tan ààrò oníná mọ́ ọn, iná ilé náà yóò já, wọn yóò sì sanwó kí ẹni tó ń mójú tó o tó wá dá a padà. Mítà kékeré tó wà nínú ilé máa ń fi iye tí wọ́n ń lò hàn wọ́n. Olówó kò lè ra ju ìwọ̀n yìí lọ. Nígbà tí òjò bá pọ̀ tí iná sì ṣẹ́ kù, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò darí àṣẹ́kù náà lọ mú ilé ìjọsìn àti gbọ̀ngàn ìlú móoru lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ọ̀dá bá dá, wọn yóò ké sí ara wọn pé kí olúkúlùkù dín tirẹ̀ kù. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò bí ó bá ṣe pé ilé iṣẹ́ àjèjì ló gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ lé wọn lórí. Ìrẹ́jẹ ni wọn ì bá pè é, àwọn kan ì bá sì ti máa wá ọ̀nà láti fi wáyà yí mítà ká. Àwọn tó jókòó ní ìpàdé tí wọ́n fi fọwọ́ sí i ló ń pa á mọ́, nítorí wọ́n mọ ẹni tí yóò jìyà rẹ̀ bí wọ́n bá rú u.

Samsø, erékùṣù kan ní Denmark tí àwọn ará ibẹ̀ tó nǹkan bí 4,000, fi hàn pé kì í ṣe ibi kékeré nìkan ni èyí ti lè ṣẹlẹ̀. Ní 1997 ni ó gbégbá orókè nínú ìdíje tí ìjọba ṣe láti yan erékùṣù tí yóò máa fi agbára ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀. Søren Hermansen, olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ níbẹ̀, lo ọ̀pọ̀ ìgbà nínú ìpàdé kí ìgbàgbọ́ tó wọ àwọn ènìyàn lára. Wọ́n gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá 11 kalẹ̀ lórí ilẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ri 10 mìíràn sínú òkun. Àwọn àgbẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ti orí ilẹ̀, àwọn ará ìlú sì ra ìpín nínú ìyókù. Koríko ọkà tí wọ́n kó lóko ni wọ́n ń sun láti mú omi gbóná fún àwọn ilé, wọ́n sì ń dí òrùlé àti ògiri àwọn ilé àtijọ́ kí ooru má baà máa jò jáde. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi nítorí ariwo rẹ̀ àti bó ṣe ń ba ojú ilẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá ní ìpín nínú èrè rẹ̀ kì í tètè bínú sí i.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni pé ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ ni ibi méjèèjì. Òótọ́ ni: owó ìrànwọ́ ló gbé èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ Eigg, ìjọba Denmark sì fi iye tí wọn yóò máa ra iná Samsø dá àwọn oníṣòwò lójú. Ṣùgbọ́n kò tọ̀nà láti sọ pé ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá kò lówó tó lè fi sí iná. Ó ti ń náwó náà tipẹ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ń dá owó tiransifọ́mà, òpó àti wáyà ní ọ̀pọ̀ ibi, tí wọ́n á sì kó gbogbo rẹ̀ lé ilé iṣẹ́ iná lọ́wọ́ láìgba ìwé kan tó sọ pé tiwọn ni. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń mu bẹntiróòlù lálẹ́ náà ń san owó iná tó wọ́n. Ní 2021, Báńkì Àgbáyé sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 85 ọmọ Nàìjíríà ni kò ní iná ìjọba rárá. Òkùnkùn wọn náà ń ná wọn lówó.

Ibi tí owó bá ti kéré gan-an ni ìṣọ́nálò ti wúlò jù. Ẹ ṣírò abúlé onílé 100, tí ilé kọ̀ọ̀kan ń tan gílóòbù àtijọ́ márùn-ún tó ń jẹ 60 wáàtì: 30 kílówáàtì ni gílóòbù nìkan yóò jẹ. Bí wọ́n bá fi gílóòbù LED oní 9 wáàtì rọ́pò rẹ̀, kò ní ju 4.5 lọ, ìmọ́lẹ̀ náà kò sì ní yàtọ̀ púpọ̀. Owó páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì tí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ yọ nínú rẹ̀ ju owó gílóòbù lọ fíìfíì. Bẹ́ẹ̀ náà ni sílíìnì àti igi ìbòòji ṣe ń dín ìlò fáànù kù lábẹ́ páànù. Ní ti oúnjẹ, sólà abúlé kò tíì lè se iṣu fún gbogbo ilé; igi ló ṣì ń ṣe é, èyí tó pọ̀ jù nínú ooru ààrò olókùúta mẹ́ta sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ààrò tó dára tí amọ̀kòkò lè mọ ládùúgbò yẹ kó wà nínú ètò iná láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òfin kò dí ọ̀nà mọ́. Ìlànà tí àjọ tó ń ṣàkóso iná ní Nàìjíríà gbé jáde ní 2016 fàyè gba ilé iṣẹ́ iná kéékèèké tí kò ju mẹ́gáwáàtì kan lọ, ó sì là á sílẹ̀ bí wọn yóò ṣe san ẹ̀tọ́ fún onílé iṣẹ́ náà bí wáyà ìjọba bá dé bá a lẹ́yìn ọ̀la. Àwọn tó ń sọ pé kí abúlé dúró de iná ìjọba ti rí ìdáhùn wọn nínú èyí. Ní 2018, Gbamu Gbamu ní agbègbè Ìjẹ̀bú, ìpínlẹ̀ Ògùn, bẹ̀rẹ̀ sí í lo iná sólà oní 85 kílówáàtì, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ aládàáni ló gbé e kalẹ̀ tó sì ń ṣàkóso rẹ̀. Ó sàn ju òkùnkùn lọ, síbẹ̀ oníbàárà ni àwọn ará ibẹ̀. Bí owó iná bá wọ́n, ẹ̀bẹ̀ ni wọn yóò bẹ̀.

Wọ́n tún ń sọ pé ará oko kò mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, pé owó àjọ kì í sì í pẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣeé kọ́: àwọn ará Eigg tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ ló ń tọ́jú iná wọn lójoojúmọ́. Ti owó ni mo gbà pé ó yẹ ká bẹ̀rù. Páńẹ́ẹ̀lì tó dára lè lò tó ọdún 25, ṣùgbọ́n bátìrì kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Abúlé tí kò bá ń fi owó pa mọ́ lóṣooṣù de ọjọ́ tí bátìrì yóò kú, òkùnkùn ni yóò padà sí, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ sólà tí àwọn olóṣèlú gbé kalẹ̀ lójú pópó. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń ya àgbẹ̀ lówó láti ìran dé ìran ti mọ bí a ti ń kọ ìwé owó, bí a ti ń yan alábòójútó àti bí a ti ń yọ ọ́ nípò. Ọwọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí iná wà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ẹ tún fẹ́ dá owó tiransifọ́mà lọ́dún yìí, ẹ kọ́kọ́ ka iye gílóòbù, fáànù àti fìríìjì tó wà ní ìlú yín, ẹ ṣírò ohun tí sólà tiyín yóò ná yín, kí ẹ sì rí i pé orúkọ ìlú ló wà nínú ìwé ohunkóhun tí ẹ bá fi owó yín rà.