"Fì", "Yẹ̀" àti Iye Owó

Ọ̀rọ̀-ìṣe "fì" kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá. Yẹtí ń fì létí obìnrin. Jangilófà ń fì lábẹ́ igi. Ọkọ̀ ojú omi ń fì bí ìgbì bá dé. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi ròyìn owó tí iye rẹ̀ kò dúró lójú kan lè tètè mú un lò. Ṣùgbọ́n ìtàn owó fi hàn pé ó yẹ kí ó ṣọ́ra.

Ohun tí ó ń fì ní ibi tí a so ó kọ́. Bí ó bá lọ, yóò padà. Èyí ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára "yẹ̀", nítorí pé ohun tí ó bá yẹ̀ ti kúrò ní ààyè rẹ̀. "Yí padà" ní tirẹ̀ kò sọ irú ọ̀nà tí ìyípadà gbà rárá. Nígbà tí a bá ní ogun ń fì dùgbẹ̀dùgbẹ̀, kò tíì já lu ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn náà fi ń bani lẹ́rù.

Láti nǹkan bí 1845 ni àwọn oníṣòwò Jámánì àti Faransé ti ń kó owó ẹyọ Zanzibar, tí ó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Owó pọ̀ lọ́jà, iye rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan kò yéé jẹ́ 20,000 ẹyọ. Ohun tí ọ̀kẹ́ náà lè rà ni ó yẹ̀. Ta ni yóò sọ pé owó ẹyọ ń fì nígbà náà?

Ti náírà díjú díẹ̀. Láti 1994 títí di 1998, ìjọba dè é mọ́ 22 fún dọ́là kan. Nínú ìwé ìjọba kò fì rárá, bẹ́ẹ̀ ni iye tí àwọn tí ń ṣẹ́ owó ní ìgboro ń gbà ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹfà 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ tú okùn náà sílẹ̀. Dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí náírà 470, ó sì ti kọjá 900 nígbà tí ọdún yóò fi parí. Náírà já ni, kò fì. Ní 2024 ẹ̀wẹ̀, dọ́là dé nǹkan bí 1,600 ní oṣù kẹta, ó sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 1,150 ní oṣù kẹrin, ó sì tún padà sún mọ́ 1,500 kí oṣù karùn-ún tó parí. Níhìn-ín ni "fì" ti bá a mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí náírà ti ń fì ti rẹlẹ̀ púpọ̀ ju ti ìṣáájú lọ.