Jẹjẹrẹ Ojú Ọmọdé: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Mọ̀ Nípa Ìtọ́jú Rẹ̀

Retinoblastoma ni àwọn dókítà ń pe jẹjẹrẹ tó máa ń mú ojú ọmọdé, pàápàá àwọn tí kò tíì pé ọdún 5. Kò wọ́pọ̀: nínú ọmọ bíi 15,000 sí 20,000 tí wọ́n bá bí, ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń mú.

Àmì rẹ̀ tó hàn jù ni kí nǹkan funfun máa tàn nínú ọmọlójú, bí ojú ológbò lóru. Inú fọ́tò tí a fi iná fóònù yà ni ìyá mìíràn ti kọ́kọ́ ń rí i. Ojú kan sì lè máa wo ọ̀tọ̀. Nítorí pé kì í sábà dun ọmọ níbẹ̀rẹ̀, àwọn kan ń fi tìróò tàbí àgbo pa á mọ́ra títí ojú yóò fi wú síta.

Ǹjẹ́ ó ṣeé wò? Bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá tètè rí i. Ìwádìí kan tó jáde nínú The Lancet Global Health ní 2022, lórí ọmọ 4,064 láti orílẹ̀-èdè 149, fi hàn pé lẹ́yìn ọdún 3, ó lé ní 99 nínú ọmọ 100 tó yè ní àwọn ilẹ̀ olówó. Ní àwọn ilẹ̀ tó tálákà jù, nǹkan bíi 57 ló yè. Ní ìpele tí Nàìjíríà wà, nǹkan bíi 80 ni. Pípẹ́ wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí: ọmọ ilẹ̀ olówó ń dé ọwọ́ dókítà ní bíi oṣù 14, ti ilẹ̀ tálákà ń tó oṣù 30.

Bí ó bá kéré, wọ́n lè fi oògùn, iná laser tàbí yìnyín pa á, kí ojú sì wà níbẹ̀. Bí ó bá ti gbilẹ̀, wọ́n á yọ ẹyinjú náà, kí ó má baà gba iṣan ojú wọ ọpọlọ. Ibí yìí ni ẹbí mìíràn ti ń gbé ọmọ sá. A bẹ yín, ẹ má sá. Ọmọ tó ní ojú kan lè kàwé, kó sì ṣiṣẹ́; wọ́n á fi ojú àtọwọ́dá sí èkejì.

Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Bíi 40 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ irú tó lè tẹ̀lé ìran, nítorí náà kí wọ́n yẹ ojú àwọn àbúrò ọmọ náà wò láti ìgbà tí wọ́n bá bí wọn.

Ẹ̀yin ará wa ní Òde Mahin àti àwọn abúlé etí omi, a mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi àti mọ́tò lẹ ó wọ̀ kí ẹ tó dé ọsibítù ńlá bíi UCH Ìbàdàn. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù ìjọba tó súnmọ́ yín, kí ẹ gba ìwé lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Àdúà kò dí ìtọ́jú lọ́wọ́. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé kí á wá ìwòsàn.

Kí Ọlọ́hun bá wa dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.